Ilé Kan Ṣoṣo: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tí Ń Wọn Ọkàn Ará Ìlú

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin onílé-iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀yin tí ẹ ń náwó sí i, àti ẹ̀yin akọ̀ròyìn tí ẹ máa ń sáré gba òǹkà lọ́wọ́ wọn,

Ọ̀rọ̀ kan ti ń hó nínú mi, bí mo bá sì tún dákẹ́ títí ìwádìí mìíràn fi jáde, ẹ ó gbà pé mo fọwọ́ sí i ni. N kò fọwọ́ sí i.

Ní Kumasi níbí, nínú Zongo, àdúgbò àwọn tí ìdílé wọn ṣí wá láti ibòmíràn, ọmọ kan tí mo ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ètò wa yàn fún un. Ìbéèrè tí gbogbo yín mọ̀ ló gbé dání: ṣé ìjọba tiwa-n-tiwa lẹ fẹ́ ju irú ìjọba mìíràn lọ, báwo lẹ ṣe fọkàn tán ààrẹ tó, ilé aṣòfin ńkọ́, ọlọ́pàá ńkọ́, àjọ elétò ìdìbò ńkọ́. Bàbá arúgbó kan jókòó níwájú ilé náà. Ilà gọ̀ǹbọ́ wà lójú rẹ̀, Yorùbá ló sì fi ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí. Ọmọ iṣẹ́ mi kò tilẹ̀ kí i. Ó yà sí ilé kejì, ó kọ ọ́ sínú tábílẹ́ẹ̀tì pé kò sí ọmọ Gánà nínú ilé àkọ́kọ́. Nígbà tí mo ń yẹ iṣẹ́ ọjọ́ náà wò, mo bi í léèrè. Ó ní, "Ọ̀gá, Alatafoɔ, àwọn Yorùbá, ni wọ́n. Ọmọ Gánà nìkan ni ẹ ní ká bi."

Mo padà lọ síbẹ̀ fúnra mi. Kumasi ni wọ́n bí Bàbá sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá tó bí i ti wá, ṣùgbọ́n ọmọ Mampong ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ àṣà Àṣáńtì mọ ohun tí ìyẹn já sí: ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti ń ka ọmọ mọ́ ẹbí. Káàdì Gánà wà lápò rẹ̀. Ó ti ń dìbò láti 1992. Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé kí wọ́n dá ilé náà padà sínú iṣẹ́. Èsì tí mo gbà kò ju ìlà kan lọ: ilé kan ṣoṣo kò lè yí òǹkà padà, kí n jẹ́ kó lọ.

N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, gbogbo àwọn yòókù yóò mí kanlẹ̀, wọn yóò ní tàwọn yàtọ̀. Kò yàtọ̀.

Kí ẹ tó sọ pé àgbàlagbà kan ló ń bínú lásán, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti ìgbà tó jẹ́ pé bébà la fi ń ṣe é, tí òjò bá ká wa mọ́ àárín Tafo sí Asawase, a ó sá ìwé ìbéèrè sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́. Mo ti kanlẹ̀kùn ní Bantama àti Ayigya, mo ti pariwo ìbéèrè sétí mẹkáníìkì ní Suame Magazine, mo ti dé Ejura. Mo mọ bí ojú ènìyàn ṣe ń yí padà tó bá rí àjèjì tó gbé ẹ̀rọ lọ́wọ́ tó ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa ìjọba. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn ìwádìí, mélòó nínú yín ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn rí lọ́sàn-án gangan?

Ilé kan ṣoṣo, àbí? Bó bá jẹ́ pé ajá ló lé ọmọ náà, tàbí pé onílé ti lọ sóko, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Àṣìṣe tí kò ní ìdí, tòsì tọ̀tún ló máa ń bọ́ sí, ó sì máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Èyí ní ìdí. Gbogbo Zongo tó wà ní Gánà ló ní irú ilé bẹ́ẹ̀: ilé Yorùbá, ilé Hausa, ilé Mossi, ilé Fúlàní. Ohun tó mú ọmọ iṣẹ́ mi fò ó ní Kumasi ni yóò mú ẹlòmíràn fò ó ní Nima ní Accra, àti ní Tamale. Ènìyàn mẹ́jọ péré ni a sábà máa ń bi ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan nínú wọn, tó fi aládùúgbò tí ojú rẹ̀ "jọ ti ọmọ Gánà" rọ́pò, ti yí àdúgbò náà padà kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀yin wá jókòó sí ọ́fíìsì tó tutù, ẹ ń jiyàn bóyá ìdá méjì ni tàbí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni òǹkà yín fi lè ṣìnà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sí ìṣirò tó lè dá ohùn ẹni tí a kò kí padà.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí ìjọba tiwa-n-tiwa. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní 2020 tí àjọ elétò ìdìbò ń ṣe ìwé orúkọ olùdìbò tuntun, wọ́n ní káàdì ìdìbò àtijọ́ kò tó ẹ̀rí mọ́ pé ènìyàn jẹ́ ọmọ Gánà, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sì fara mọ́ ọn. Ẹni tí kò ní káàdì Gánà tàbí ìwé ìrìnnà ní láti wá ènìyàn méjì tí yóò jẹ́rìí sí i. Ará Zongo kò nílò ọ̀mọ̀wé kankan láti sọ fún un ẹni tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fura sí.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹjọ 1969 ni ará Gánà dìbò tí Dókítà K. A. Busia fi di olórí ìjọba. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ìjọba rẹ̀ fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kó jáde. Ẹ bi àwọn àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà, ní Ìlọrin, bí ọkọ̀ ṣe ń já àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Ta wá ni Busia? Kì í ṣe sójà, kì í sì í ṣe púrúǹtù. Onímọ̀ nípa àwùjọ ni. Òun ló ṣe ìwádìí nípa ìgbé ayé ará Sekondi-Takoradi tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1950, ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó ṣáájú tiwa ní Góòlù Kóòsì, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà. Ní 1967 ó gbé odidi ìwé jáde lórí bí Áfíríkà ṣe ń wá ìjọba tiwa-n-tiwa. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, baba iṣẹ́ wa ni. Ó mọ bí a ṣe ń ka ènìyàn, ó sì mọ bí a ṣe ń yọ wọ́n kúrò nínú kíkà. Kí àwa ọmọ Nàìjíríà má sì ṣe bí ẹni mímọ́: ní oṣù kìíní 1983, ìjọba Shehu Shagari, tí àwọn ènìyàn wa dìbò yàn, lé ará Gánà lọ́nà kan náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Títí di òní, Ghana Must Go ni à ń pe àpò tí wọ́n fi kó ẹrù.

Ìdí nìyí tí ilé tí a fò yẹn fi ń dùn mí ju bó ṣe yẹ kí ilé kan ṣoṣo dunni lọ. Nígbà tí mo padà lọ, mo ka ìbéèrè ìjọba tiwa-n-tiwa àti ìdáhùn mẹ́ta tó wà fún un sí Bàbá létí láìgbé ẹ̀rọ kankan dání. Ó ní ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn ló lé bàbá òun padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní sójà ló sì wọ ọjà Kumasi ní 1979, tí wọ́n fipá ta ẹrù ìyá òun ní iye tó wù wọ́n, tí wọ́n ń fi ẹgba na àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ó ní òun ń dìbò, òun yóò sì tún dìbò. Ó wá wò mí lójú: "Èwo nínú mẹ́ta tí ẹ kà yẹn ni tèmi?"

N kò rí i fún un. Bó bá sọ pé ìjọba tiwa-n-tiwa lòun fẹ́, ẹ ó kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ ọn, ẹ ó sì lọ. Bó bá sọ pé nígbà mìíràn ìjọba mìíràn lè sàn jù, ẹ ó kà á mọ́ àwọn tó ń wá sójà. Bó bá ní kò kan irú òun, ẹ ó ní kò bìkítà. Ọkùnrin tó ti rí ìwà ìjọba méjèèjì lójú ara rẹ̀, ẹ kò ní àyè fún un.

Ẹ wo ìròyìn tí Afrobarometer, àwọn tó ń wádìí èrò ará ìlú káàkiri Áfíríkà, gbé jáde ní 2024 láti orílẹ̀-èdè 39. Ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìjọba tiwa-n-tiwa làwọn fẹ́ ju èyíkéyìí lọ. Ìdá 53 ló gbà pé ológun lè gba ìjọba bí àwọn tí a dìbò yàn bá ń ṣi agbára lò. Kíá, àwọn akọ̀ròyìn pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ní ọkàn Áfíríkà kò yẹ̀, àwọn kan ní ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rò ó pọ̀ ná. 66 àti 53 jẹ́ 119. Ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ méjèèjì. Àwọn ènìyàn yìí gan-an ló yẹ kí ẹ jókòó tì, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìtàn wà. Wọn kò sì sí nínú àkọlé ìwé ìròyìn kankan tí mo kà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ìbéèrè tí ẹ máa ń fi sí ìparí, lẹ́yìn tí ó ti rẹ ẹni tí à ń bi: "Ta lẹ rò pé ó rán wa wá?" Àwọn Afrobarometer máa ń bèèrè rẹ̀, mo gbóríyìn fún wọn fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dáhùn pé ìjọba ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti kọ́kọ́ ṣàlàyé pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbà pé ìjọba ló rán ọ, kí lo rò pé yóò sọ nípa ìjọba? Olùwádìí Daniel Zimbalist ti kọ̀wé lórí ìbẹ̀rù yìí ní 2018. Claire Adida àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní 2016, láti inú èsì Afrobarometer fúnra rẹ̀, pé ìdáhùn máa ń yàtọ̀ bí ẹ̀yà ẹni tó ń bèèrè bá yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń dáhùn. Ẹ̀yin náà ti kà á. Ẹ fi sí ẹsẹ̀ ìwé nínú iṣẹ́ tí ẹ kọ fún ara yín, ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ kọ fún ará ìlú. Èwo ni ó nílò rẹ̀ jù nínú méjèèjì?

Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ìjọba, ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀! Bí òǹkà rẹ̀ bá gòkè, ẹ ó pàtẹ́wọ́. Bó bá wálẹ̀, ẹ ó fọwọ́ lérí. Ta ló sọ fún yín pé ìgbẹ́kẹ̀lé tó pọ̀ ni ìlú tó dára? Kumasi yìí ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NLM sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1954 láti ta ko Nkrumah, olórí ìjọba nígbà náà, ìlú kún fún ìjà òṣèlú. Nígbà tó di 1964, Nkrumah ní kí ará ìlú dìbò bóyá kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo máa ṣèjọba. Èsì tí wọ́n kéde ni 2,773,920 tó ní bẹ́ẹ̀ ni, 2,452 tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdá 99.91 nínú ọgọ́rùn-ún! Kò sí ìwádìí yín kan tó tíì rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, sójà lé Nkrumah, àwọn ènìyàn sì ń jó lójú títì. Ní 1978 tí Acheampong, olórí ìjọba ológun, tún ní kí wọ́n dìbò sí ìjọba alájùmọ̀ṣe tirẹ̀, Adájọ́ Abban tó jẹ́ olórí ètò ìdìbò ní láti sá pamọ́ kí sójà má bàa mú un. Ìjọba kéde pé òun ló jàre. Kí oṣù kẹjọ tó dé, àwọn sójà ẹgbẹ́ Acheampong ti yọ ọ́ nípò.

Ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ lára nǹkan wọ̀nyí kì í yára fọkàn tán ìjọba, ọgbọ́n sì ni. Onímọ̀ òṣèlú Pippa Norris tilẹ̀ kọ odidi ìwé ní 2022 láti gbèjà ẹni tó ń fura. Ìbéèrè tó yẹ ni bóyá ìfọkàntán ènìyàn bá ìwà àwọn tó ń fọkàn tán mu. Obìnrin ọlọ́jà ní ọjà Kejetia tí kò gba ọlọ́pàá gbọ́, ṣé òun ló ṣàìsàn, àbí ọlọ́pàá?

Mo tún ní ẹjọ́ pẹ̀lú ẹ̀yin akọ̀ròyìn. Bí ìwádìí bá jáde, ẹ ó ní, "Ará Kumasi kò fọkàn tán ilé aṣòfin mọ́." Ará Kumasi wo? Nínú ènìyàn 2,400 tí Afrobarometer sábà máa ń bi ní gbogbo Gánà, bí a bá fi ìkànìyàn 2021 pín in, àwọn ará ẹkùn Àṣáńtì kò lè ju 420 àti díẹ̀ lọ, nítorí nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.4 ni wọ́n jẹ́ nínú 30.8. Àwọn ará oko wà nínú wọn, àwọn ará Obuasi wà nínú wọn. Èyí tó kù fún Kumasi kò tó ohun tí ènìyàn í fi búra. Bí òǹkà ẹkùn bá lọ sókè tàbí sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá, àyàfi pé ilé mìíràn la kàn lọ́dún yìí.

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé náà kò sàn jù wọ́n lọ. Ní 2016, Foa àti Mounk ya àwòrán kan tó gbòde kan, tó fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti kọ ìjọba tiwa-n-tiwa sílẹ̀. Orí òṣùwọ̀n 1 dé 10 ni wọ́n ti bèèrè bí ó ti ṣe pàtàkì tó fún ènìyàn láti gbé lábẹ́ ìjọba tiwa-n-tiwa, ẹni tó mú 10 nìkan ni wọ́n kà. Ẹni tó mú 9 di ẹni tí kò bìkítà. Nígbà tí ọ̀mọ̀wé mìíràn, Erik Voeten, lo gbogbo ìdáhùn, ìyàtọ̀ ńlá tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ rọ. Àwòrán àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé rántí.

Àwọn tó ń wádìí ẹni tí yóò wọlé ìbò kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí àṣírí má tú. Ilé iṣẹ́ Global InfoAnalytics sọ ṣáájú ìdìbò ààrẹ Gánà ní 2024 pé Mahama ni yóò wọlé. Ó wọlé pẹ̀lú ìdá 56 ó lé nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ pé ó fìdí rẹmi ni, ojú wọn ì bá wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń ka ìbò ìgbẹ́kẹ̀lé? Ẹ̀yin tí ẹ ń wọn ọkàn, kò sí ọjọ́ ìdájọ́ kankan tí ẹ ń bẹ̀rù. Èyí ni ó yẹ kó mú kí ẹ ṣọ́ra ju àwọn tó ń wádìí ìbò lọ. Òun gan-an ló ń jẹ́ kí ọ́fíìsì kan lè kọ̀wé sí mi pé ilé kan ṣoṣo kò já mọ́ nǹkan kan.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Láti 1999 tí Gyimah-Boadi, Bratton àti Mattes ti dá Afrobarometer sílẹ̀, ará ìlú lásán ti ní ohùn tí ààrẹ kò lè sọ pé òun kò gbọ́. Wọ́n ń bèèrè ní èdè tí ènìyàn gbọ́, wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè wọn hàn, ẹnikẹ́ni lè gba èsì wọn lọ́fẹ̀ẹ́ kó sì tú u wò. Òun la fi mọ àbùkù tí mo ń kà sílẹ̀ yìí. Bí kò bá sí irú wọn, àwọn tí ẹgbẹ́ òṣèlú ń fún lówó kí wọ́n máa pe rédíò ní àràárọ̀ ni ì bá máa jẹ́ "ohùn ará ìlú". Mo gbà. Kò dùn mọ́ mi láti gbà á, ṣùgbọ́n mo gbà. N kò ní kí a dáwọ́ dúró. Mo ní kí a yéé ṣe bí ẹni pé òǹkà já bọ́ láti ọ̀run, nígbà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọmọ kan tó ń kánjú àti ẹni tó ń fura sí i.

Kí ni ká ṣe? Ẹ yéé sanwó fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ní iye ìwé tí wọ́n bá kún. Ẹ san owó ọjọ́ fún wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tó bá pẹ́ ní ilé tó le ni ebi yóò pa. Ẹ kọ iye ilé tí ẹ fò àti ìdí rẹ̀ síbi tí ará ìlú ti lè rí i. Ẹ kọ́ wọn pé ojú kọ́ la fi ń mọ ọmọ Gánà. Ìyókù, ẹ̀yin lẹ kàwé jù mí lọ, ẹ wá ọgbọ́n dá sí i.

Ẹ ó ní owó kò sí. Owó wà fún gbọ̀ngàn hòtẹ́ẹ̀lì, ó wà fún bébà dídán tí ẹ fi ń tẹ ìròyìn yín. Ẹ mú díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi pe méjì mẹ́ta nínú àwọn ọmọ tí ń kanlẹ̀kùn wá sídìí tábìlì yín kí ẹ tó kọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọn kò kọ sínú tábílẹ́ẹ̀tì. Wọn yóò sọ fún yín, bí wọ́n bá lè gbà gbọ́ pé kì í ṣe ọ̀gá wọn ló rán yín.

Èmi ni,
alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí kan ní Kumasi